Kámẹ́rà kékeré tó máa wọ àpò: èwo ni ká rà, kí ni ká yẹ̀ wò?

Ará_Tákìẹ́
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Kámẹ́rà kékeré ni mò ń wá, èyí tó máa wà lára mi láti àárọ̀ di alẹ́, tí kò ní jẹ́ pé ọjọ́ ìnáwó nìkan la ó máa rí i. Ọjà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ojú èèyàn, títì lẹ́yìn òjò: ohun tí mo fẹ́ máa yà nìyẹn. Mi ò fẹ́ èyí tí wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀. Tòkunbọ̀ kò burú. Gbogbo àwọn tó ń tà á, megapixel ṣáá ni wọ́n ń kà síni létí. Ẹ bá mi dá sí i, kí ni kí n wò kí n tó kówó sílẹ̀?

Ọmọ_Ajílété
Àpò yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Kámẹ́rà tó bá ń ni yín lára, bẹ́ ẹ bá gbé e jáde lọ́jọ́ Ajé, tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, orí tábìlì nílé ló máa wà.

Ẹ mú páálí, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 11 sí 6, kẹ́ ẹ máa lẹ ọ̀kan mọ́ èkejì títí á fi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 àti ààbọ̀. Ẹ kì í sínú àpò tẹ́ ẹ fẹ́ máa lò, kẹ́ ẹ gbé e kiri fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá a gun ọ̀kadà, ẹ bá a jókòó, ẹ bá a dọ̀bálẹ̀ kí àgbà. Bó bá ń gún yín nítan, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ dé. Bí páálí yẹn ṣe tó ni Ricoh GR III tó (mìlímítà 109 sí 62 sí 33, gíráàmù 257 pẹ̀lú bátìrì àti káàdì). Sony RX100 àkọ́kọ́ kúrú jù ú lọ díẹ̀ (102 sí 58 sí 36, gíráàmù 240). Fujifilm X100VI tí gbogbo ayé ń pariwo dáa lóòótọ́, àmọ́ gíráàmù 521 ni, ó sì nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Bẹ́ ẹ bá sọ ìyẹn sápò agbádá, apá kan agbádá á máa wọ́ nílẹ̀. Àpò èjìká ló bá a mu.

Ohun kejì: ẹ ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ tan án, ẹ ya àwòrán kan, kẹ́nì kan máa bá yín kà á. Bó bá ti ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà á ti rí yín, á sì ti tún fìlà rẹ̀ dé.

Ojú_Lẹ́ǹsì
Megapixel tí wọ́n ń kà, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ bèèrè bí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn lẹ́ǹsì, tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Nínú kámẹ́rà kékeré, mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èyí tó kéré jù ni wọ́n ń pè ní 1/2.3, kò ju mìlímítà 6 sí 4.5 lọ, sẹ́ńsọ̀ àwọn fóònù olówó ńlá òde òní ti tóbi jù ú lọ, nítorí náà, ẹ ò ní jèrè ohunkóhun lórí àwòrán lásán àfi tó bá ní súùmù gidi tàbí tí omi ò lè wọ inú rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní "ínṣì 1". Orúkọ lásán ni o, kò síbi tó gùn tó ínṣì kan lára rẹ̀: mìlímítà 13.2 sí 8.8 ni. Síbẹ̀, ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Òun ló wà nínú Sony RX100, èyí tó jáde ní 2012, àti gbogbo Canon G7 X. APS-C ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta, 23.5 sí 15.6, ó fẹ̀ ju ínṣì 1 lọ ní bí ìlọ́po mẹ́ta. Òun ló wà nínú GR III, Fujifilm XF10 àti àwọn X100.

Àmọ́ sẹ́ńsọ̀ nìkan kọ́, ihò lẹ́ǹsì náà ń kó ipa tiẹ̀ (f ni wọ́n fi ń kọ ọ́: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe fẹ̀ tó). Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ìsọ̀ afíngbá kan l'Ọ́yọ̀ọ́ lásìkò ìrọ̀lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà nìkan ló ń wọlé, abẹ sì ń rìn lára igbá. Kí ọwọ́ tó ń fín igbá yẹn má bàa rí bàìbàì, ṣọ́tà, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, gbọ́dọ̀ yára tó 1/250 ìṣẹ́jú àáyá. GR III pẹ̀lú f/2.8 á béèrè ISO 3200 níbẹ̀ (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè fúnra rẹ̀; bó bá ti ga jù, àwòrán á bàjẹ́). RX100 ní f/1.8, láìfa súùmù, á béèrè bíi 1300. Bẹ́ ẹ bá wo bí sẹ́ńsọ̀ ti ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó àti bí ihò ti èkejì ṣe fẹ̀ tó, àwòrán méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, GR kàn ṣíwájú díẹ̀ ni. Ẹ wá fa súùmù RX100 yẹn dé òpin, 100mm (bí mm bá ṣe pọ̀ tó ni ohun tó jìnnà ṣe ń sún mọ́ni tó). Ihò rẹ̀ á sún kì di f/4.9, á sì wá máa béèrè bíi ISO 10,000. 6400 ni òpin tiẹ̀ fún àwòrán ẹyọ kan. Ọwọ́ afíngbá ṣú nìyẹn.

Ìdí nìyí tí RX100 III (2014) fi wù mí ju àkọ́kọ́ lọ fún inú ilé: 24 sí 70mm, f/1.8 sí f/2.8. Ẹ̀yà VI àti VII dé 200mm, àmọ́ láti f/2.8 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí sí f/4.5. Kámẹ́rà ojú oòrùn ni wọ́n.

Àkẹ̀sán_Láàárọ̀
Ojú_Lẹ́ǹsì ti sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ẹ má fi ti ìmọ́lẹ̀ nìkan yàn. Ẹ kọ́kọ́ pinnu bóyá ẹ fẹ́ súùmù tàbí ẹ ò fẹ́. GR III ò ní súùmù rárá, 28mm ni. Kí ojú èèyàn tó hàn dáadáa, ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn tó mítà kan. Láàárín ọjà, ìyẹn túmọ̀ sí pé "ẹ kú ọrọ̀ ajé o, ìyá" gbọ́dọ̀ ṣíwájú kámẹ́rà. Kò sí súùmù tó lè bá yín kí ìyá ọlọ́jà. Ẹni tó bá rí 28mm bí èyí tó fẹ̀ jù, GR IIIx tó jáde ní 2021 ni kó wò, 40mm ni tiẹ̀, ara wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ohun tó mú kí GR yàtọ̀ ni fókọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Snap. Kámẹ́rà ò ní wá ẹnikẹ́ni kiri. Ẹ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé mítà báyìí ni. Nínú oòrùn:

Ẹ yí bọ́tìnnì orí rẹ̀ sí Av (ẹ̀yin lẹ̀ ń yan ihò, kámẹ́rà á yan ṣọ́tà), f/8. Ẹ jẹ́ kí ISO máa yan ara rẹ̀, kí òpin rẹ̀ jẹ́ 6400, kí ṣọ́tà má sì lọ́ra ju 1/250 lọ. Ẹ gbé fókọ́ọ̀sì sí Snap, mítà 2.5. Gbogbo ohun tó wà láti bíi mítà kan àti díẹ̀ títí dé ọ̀run ló máa mọ́. Ẹ tún lọ inú ménù, ẹ ṣí Full Press Snap: bẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì díẹ̀, á wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, á yà á ní 2.5 lójú ẹsẹ̀.

Lábẹ́ òrùlé páànù, f/8 ò ní gbà. Ẹ sún un sí f/4, ẹ gbé Snap sí mítà 2. Ohun tó máa mọ́ báyìí ò ju láti mítà 1.3 sí bíi 3.8 lọ, ojú yín gbọ́dọ̀ wá mọ mítà méjì. Ọkùnrin gíga kan tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín, bó ṣe gùn nìyẹn, ẹ fi díẹ̀ kún un.

Ọmọ_Ajílété
Ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ ò ní lọ bá egúngún tó na pàṣán sókè ní mítà kan. Fún ìyẹn, súùmù ni o.

Atúnkámẹ́ràṣe
Kí ẹ tó máa jiyàn lórí súùmù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń gbé wọn wá sórí tábìlì àtúnṣe.

Eruku ni olórí. Lẹ́ǹsì GR àti ti RX100 ń yọ jáde, ó ń wọlé. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé eruku wọlé. Wọn ò fi rọ́bà dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì tí ọyẹ́ ń jà, tí ewé etí títì ti pọ́n tán, ìgbà yẹn ni àmì dúdú roboto máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú ọ̀run nínú àwòrán. GR III lè gbọn sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ láti inú ménù, èyí tí kò lẹ̀ mọ́ ọn á já bọ́. Èyí tó bá ti lẹ̀, àfi ká tú u. Torí náà, àpò kámẹ́rà gbọ́dọ̀ dá wà: kò gbọdọ̀ sí ẹ̀pà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí tíṣù, kò gbọdọ̀ sí owó. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yí inú àpò síta kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n. Lásìkò ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi kámẹ́rà sínú ọ̀rá onísíìpù.

Rọ́bà tí à ń fún ni kẹ́ ẹ máa fi fẹ́ eruku, irú èyí tí wọ́n fi ń fa ikun nímú ọmọ tuntun, kó jẹ́ tuntun kó sì gbẹ. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Omi àti òróró wà nínú afẹ́fẹ́ táyà, ó sì lágbára débi tó fi lè ti eruku wọ ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ní dé mọ́.

Kí kámẹ́rà tan fúnra rẹ̀ nínú àpò ló tẹ̀ lé e. Lẹ́ǹsì á fẹ́ jáde, aṣọ ò ní jẹ́. Eyín jíà oníke kékeré kan wà nínú ibẹ̀, òun ló ń kán. Ẹ̀yin á rí "Lens error" lójú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ fà á. Ẹ yọ bátìrì, ẹ fi iná sí i títí á fi kún, ẹ dojú lẹ́ǹsì kọlẹ̀, ẹ fi rọ́bà fẹ́ etí rẹ̀ yíká, ẹ wá dá bátìrì padà. Bó bá jẹ́ iyanrìn, ó lè gbà. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ kà-kà-kà, jíà ti lọ. Odindi lẹ́ǹsì ni wọ́n máa ń pààrọ̀, owó rẹ̀ sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tòkunbọ̀ míì.

Bẹ́ ẹ bá lọ wo tòkunbọ̀, ẹ mú mẹ́mọ̀rí káàdì tiyín àti fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì dání, kẹ́ ẹ ṣe é báyìí:

Ẹ tan án, ẹ pa á, ìgbà mẹ́wàá. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí lẹ́ǹsì bá ta gọ́ọ́gọ́ọ́ tàbí tó yọ ní gẹ̀rẹ́, ẹ dá a padà. Ẹ fi ìka ta ẹnu lẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, ó ti já bọ́ rí. Ẹ gbé ihò rẹ̀ sí èyí tó kéré jù (f/16 lára GR, f/11 lára RX100 àti G7 X), ẹ ya ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun, kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀. Eruku tó wà lórí sẹ́ńsọ̀ á hàn bí àmì dúdú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú lẹ́ǹsì ní ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ ẹ bá rí ohun kan tó ta bí òwú aláǹtakùn, irú ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, ọ̀rinrin ti wọ ibẹ̀, kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹ ṣí ilé bátìrì: bí irin inú rẹ̀ bá ti yí padà di aláwọ̀ ewé, omi ti kàn án. Bí bátìrì bá wú, tó ń ṣòro yọ, ẹ má san owó fún bátìrì yẹn rárá.

Ẹni tó ń ti oko dé ọjà, tó ń gun ọ̀kadà lójoojúmọ́, Olympus TG-6 (2019) tàbí OM System TG-7 (2023) ni kó rà, kó sinmi. Lẹ́ǹsì rẹ̀ kì í yọ jáde, eruku ò rọ́nà wọlé, ó lè wọ omi tó jìn tó mítà 15. Sẹ́ńsọ̀ kékeré nì ni tiẹ̀, megapixel 12, bó bá di alẹ́ kò lè bá GR dù ú. Kẹ́ ẹ sì máa nu rọ́bà etí ilẹ̀kùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tì í. Irun orí ẹyọ kan péré tó dábùú ibẹ̀, omi ti rọ́nà.

Ará_Tákìẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Kámẹ́rà kan wà tí wọ́n ń tà lórí ayélujára, wọ́n kọ "64MP, 4K, 16X" sí i lára, owó rẹ̀ ò sì tó ìdá mẹ́wàá ti RX100. Kò lórúkọ tí mo mọ̀. Ṣé kò lè gbà?

Ojú_Lẹ́ǹsì
Ẹ má rà á. 16X yẹn, wọ́n kàn ń gé àárín àwòrán, wọ́n ń fẹ̀ ẹ́ ni, gíláàsì kankan ò rìn níbẹ̀. 64MP náà, sẹ́ńsọ̀ kékeré ni wọ́n ń nà. Ẹ wo ẹnu lẹ́ǹsì kámẹ́rà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà: kámẹ́rà gidi á kọ nọ́ńbà mm àti f síbẹ̀. Bó bá jẹ́ megapixel nìkan ló kọ sára, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín sàn jù ú lọ.

Iná_Ti_Lọ
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná. Àwọn tó ṣe é sọ pé bátìrì GR III á ya àwòrán 200, RX100 àkọ́kọ́ 330, G7 X Mark II 265. Bẹ́ ẹ bá ń tan ojú ẹ̀yìn rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà, nǹkan bí ìdajì ni kẹ́ ẹ kà. Bátìrì méjì ni o kéré jù, mẹ́ta bó bá jẹ́ GR. Ẹ wo bó ṣe ń gba iná kẹ́ ẹ tó rà á: GR III ń lo USB-C, RX100 àkọ́kọ́ ń lo micro-USB, páwà bánkì lásán tó fún méjèèjì. G7 X àkọ́kọ́ (2014) ò lè gba iná láti ara USB rárá, ṣájà ògiri ni tiẹ̀. G7 X Mark III (2019) ní USB-C, àmọ́ ṣájà PD, irú èyí tí iná rẹ̀ lágbára ju ti lásán lọ, ló ń fẹ́. Ẹ so ó mọ́ páwà bánkì ọ̀pọ̀ọ́kú, á kàn máa wò yín ni.

NP-BX1 kan náà ni gbogbo RX100 ń lò. DB-110 ti GR III sì jọ LI-92B ti TG-6 débi pé ọ̀kan ń wọ ilé èkejì, ó sì ń ṣiṣẹ́. Tí ọ̀kan bá wọ́n lọ́jà, ẹ bèèrè èkejì.

Káàdì: 32GB ti tó. Àwòrán RAW kan (èyí tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe) láti ara GR III ò jìnnà sí 30MB, nítorí náà, ẹgbẹ̀rún kan á gba ibẹ̀. Ayédèrú káàdì pọ̀ nígboro. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kì í sínú kọ̀ǹpútà, ẹ fi H2testw, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dán káàdì wò, kún un dẹ́nu kó tó kà á padà (F3 ni fún Mac àti Linux). Ayédèrú á sọ pé òun jẹ́ 32, á wá jẹ́ 4 tàbí 8. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn kámẹ́rà àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá kiri báyìí: èyí tó ti jáde ṣáájú 2006 kì í sábà gba SD tó ju 2GB lọ, àwọn Olympus àti Fujifilm ìgbà yẹn sì ń lo káàdì xD, tí wọn ò ṣe mọ́.

Ìyá_Aláwòrán
Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ ò sọ ti àwọ̀ ara wa. Kámẹ́rà ò mọ èèyàn dúdú, kò mọ léèsì funfun. Gbogbo ohun tó bá rí ló fẹ́ sọ di àwọ̀ eérú. Bí léèsì funfun bá gba ojú àwòrán, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ìyàwó á wá dúdú bí èédú. Ẹ yí +/- sókè sí +0.7. Bó bá jẹ́ ojú dúdú nìkan ló kún àwòrán lábẹ́ ibòji, òdì kejì ni: á mú un mọ́lẹ̀ jù, dídán ara á lọ, á dà bí ẹni tó fi lúlúùtù pa ojú. -0.3 tàbí -0.7 ló máa dá a padà. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, +1.

Àmọ́ ní ọ̀sán gangan, tí fìlà funfun àti ojú dúdú bá wà nínú àwòrán kan náà, fìlà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ohun tó bá ti funfun tán, kò sí RAW tó lè jí i padà. Òjìji ojú ṣeé gbé sókè lórí kọ̀ǹpútà. Tàbí kẹ́ ẹ tan fíláàṣì, kẹ́ ẹ dín in kù sí -1, kó kàn wọ abẹ́ gèlè. GR III àti IIIx ò ní fíláàṣì lára o. RX100, G7 X àti XF10 ní in. Lójú tèmi, ẹni tí òde rẹ̀ pọ̀, ìyẹn nìkan ti tó láti fi GR sílẹ̀.

Oníṣọ̀nà_Awọ
Fún àpò kámẹ́rà, àwọn oníṣọ̀nà awọ wà l'Ọ́yọ̀ọ́ tó lè rán an. Ẹ gbé kámẹ́rà lọ, ẹ má fẹnu júwe rẹ̀. Kí inú rẹ̀ fi mìlímítà 3 ju kámẹ́rà lọ níhà kọ̀ọ̀kan, awọ á fẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ tó ń yọ̀ tẹ́ inú rẹ̀, irú èyí tí télọ̀ ń fi sínú kóòtù, nítorí ẹ̀yìn awọ máa ń tú fùlùfúlù, inú lẹ́ǹsì ló ń bá lọ. Kí bọ́tìnnì irin má ṣe wà níhà tí ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà wà. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa awọ láró, ẹ sá a fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó lò ó.

Àpò ìrìn ni o, kì í ṣe ibùsùn. Awọ máa ń mu omi, bí kámẹ́rà bá sùn sínú rẹ̀ ní gbogbo àsìkò òjò, òwú aláǹtakùn tí Atúnkámẹ́ràṣe sọ máa ń hù. Ike onídèérí tó dé pinpin ni kẹ́ ẹ máa kó o sí lálẹ́, pẹ̀lú pépà kékeré oníhóró tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ará_Tákìẹ́
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú làálàá. Páálí tí mo gé ń wọ àpò bùbá, ti ṣòkòtò ló ń gún mi. Òde mi ò kéré, inú ilé ni mo sì ti ń yà jù. Mo ti rí RX100 III kan tó mọ́, ohùn rẹ̀ dọ́gba, f/11 ò fi eruku kankan hàn. Ará Japan ni wọ́n ní ó ti wá. Ṣé kí n sanwó?

Atúnkámẹ́ràṣe
Ẹ dúró ná. Ẹ ṣí ménù rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan èdè. Sony tí wọ́n ṣe fún títà ní Japan, èdè Japan nìkan ló máa ń wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ Panasonic náà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá rí èdè Òyìnbó níbẹ̀, ẹ lè há ibi tí nǹkan wà sórí, àwòrán rẹ̀ ò yàtọ̀, àmọ́ kí wọ́n yọ nínú owó rẹ̀ fún yín. Ẹ sì bèèrè bóyá okùn ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.